Ọkọ̀ Tí A Kò Rà Kọ́ Ni Ó Yẹ Ká Máa Ṣọ̀fọ̀ Rẹ̀

Àkòrí: Àwọn kan ń kábàámọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọn kò rà nígbà tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Kí ni èrò tìrẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ òǹkàwé mi, lọ jókòó ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún níbi àríyá, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n kùn tí ó ń dán gbinrin sì kọjá níwájú wọn. Ọ̀kan yóò ní, "Irú ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi lọ̀ mí lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo ní n kò rà." Èkejì yóò ní irú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé bàbá òun títí koríko fi hù gba inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta yóò ṣírò iye tí òun ì bá tà á lónìí, yóò sì dorí kodò bí ẹni tí olè jà.

Mo ti jókòó láàárín wọn rí, mo sì ti bá wọn kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, mo rí i pé àbámọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí a ti rò. Èrò tèmi ni pé ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí ó tó kábàámọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bá mi kálọ, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ.

Kí a tó máa jiyàn, ó yẹ kí a mọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Ní ilẹ̀ wa, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Kò ní rádíétọ̀; atẹ́gùn ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, nítorí náà kò sí pé omi rẹ̀ gbẹ lójú ọ̀nà. Peugeot 404 àti 504 pẹ̀lú wà níbẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Píjò. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ tí ó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Ti àwọn ọlọ́lá ni Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1975, a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, a sì ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ìgbà náà gan-an ni owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, tí ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí fi ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó ka ọkọ̀ wọ̀nyí sí ohun ìṣúra nígbà náà. Ọkọ̀ tíṣà ni wọ́n, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ takisí. Bí wọ́n bá gbó, à ń gbé wọn jù sẹ́yìn ilé bí ìkòkò tí ó fọ́.

Má ṣe rò pé àwọn tí ń kábàámọ̀ kò ní ẹ̀rí. Ẹ̀rí wọn lágbára. Gbọ́ ìtàn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Ítálì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ferrari 250 GTO. Láàárín ọdún 1962 sí 1964, 36 péré ni wọ́n ṣe nínú rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní tuntun, nǹkan bí 18,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ eré ìje ni; nígbà tí ọkọ̀ tuntun tí ó yára jù ú lọ jáde, ó di ògbólógbòó tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọdé kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹni tí ó ni ín ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ọdún 1972, ilé-ẹ̀kọ́ náà ta ọkọ̀ yìí ní 6,500 dọ́là. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, òmíràn nínú àwọn 36 náà dé ọjà gbàǹjo ní California, iye tí wọ́n tà á lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là. Ní ọdún 2023, wọ́n tún ta òmíràn ní New York, iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 51. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní fi ọwọ́ lérán?

Èmi pẹ̀lú ní ìtàn tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀. Ní ọdún 1989, olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Bàbá arúgbó kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní Ìjàpá kan tí ó rà ní tuntun ní ọdún 1966. Apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, nítorí pé apá òsì títì ni a ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí i padà tí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá kò torí èyí ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń wà á lọ sí ọjà, ó ń wà á lọ sí ilé ìjọsìn, ó sì ń fọ̀ ọ́ ní àràárọ̀ Sátidé bí ẹni tí ń wẹ ọmọ.

Ní ọjọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ òun kò sì fẹ́ ọkọ̀ náà. Ó ní kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà wá. "Ọmọ mi," ni ó wí, "mo mọ̀ pé o ó tọ́jú rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi àáké gé e bí igi ìdáná." N kò lè sọ pé n kò lówó, nítorí pé àjọ tí mo ń dá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí ni, iye náà gan-an ni ó sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìjì ti ṣí òrùlé ìyá mi lábúlé, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ti rí ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kò sì tíì rí owó san. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ti ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe." Ó mi orí, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ilé ni kí o kọ́kọ́ bò." Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àwọn tí ń ra irin àlòkù fi dé. Mo gbọ́ ìró àáké wọn láti inú ilé mi.

Ní ọdún 2019, a lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Èkó. Ìjàpá funfun kan ni wọ́n fi gbé ìyàwó wá. Awakọ̀ náà sọ fún mi pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń háyà rẹ̀, àti pé iye yòówù kí ènìyàn pè, ẹni tí ó ni ín kò jẹ́ tà á. Àyà mi já. Mo dúró ti ọkọ̀ náà bí ẹni tí ó pàdé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí mo yíjú padà, ta ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Àbúrò mi ni, tí ó ti fi ọdún tí ó lé ní 25 tọ́jú àwọn aláìsàn. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń wò bẹ́ẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ kà fún ọ báyìí.

Lọ́nà kìíní, ẹni tí ń kábàámọ̀ ń fi ojú òní ná ọjà àná. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní ọdún 1989, kò sí àmì kankan lára ọkọ̀ Bàbá Tíṣà pé irú rẹ̀ yóò di ohun tí ìyàwó yóò máa gùn. Wọ́n ṣì ń ṣe Ìjàpá tuntun ní ilẹ̀ Mẹ́síkò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla, iye tí wọ́n sì ti ṣe ní gbogbo ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ta ni í ra ohun tí ó pọ̀ bí yanrìn etí òkun pa mọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ta Ferrari ní 6,500 dọ́là kò ya òmùgọ̀. Ọkọ̀ eré ìje tí ó ti gbó ni ọjà sọ pé ó wà lọ́wọ́ wọn, iye tí ọjà pè ni wọ́n sì gbà.

Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ rò pé àwọn ti rí ọ̀la, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ojú wọn tàn wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye owó Ferrari àtijọ́ àti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́ ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Jàpáànù. Àwọn ènìyàn ń sáré rà á, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn ní ọ̀la. Nígbà tí ọdún 1990 dé, ọjà náà yí padà, iye owó sì já wálẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tí ó fi owó ilé ra ọkọ̀ wá ní ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sì rí ẹni tí yóò san iye tí òun san. Àwọn wọ̀nyí náà kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n rà ni wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀. Ohùn wọn kì í sábà dún níbi àríyá. Ẹni tí ó pàdánù kì í pariwo bí ẹni tí ó rò pé òun ì bá jèrè. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a kì í fi etí tí ó gbọ́ ìdajì ìtàn ṣèdájọ́.

Lọ́nà kejì, àwọn tí ń kábàámọ̀ kì í ka owó ìtọ́jú mọ́ ọn. Ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń rà tí ó ń lọ sùn. Bí o bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀, táyà yóò tẹ̀, bàtìrì yóò kú, rọ́bà yóò gbó, epo inú táǹkì yóò bàjẹ́, eku yóò sì máa jẹ wáyà. Ní ilẹ̀ olójò bíi tiwa, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dógùn-ún, níbi tí ojú kì í tó. Ní Èkó tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí, ìpẹtà náà tún ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibùsọ̀ tí òjò kò dé, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n, àti ẹni tí yóò máa ṣí i lóòrèkóòrè kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má baà gan.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká sọ pé ọkùnrin kan ra ọkọ̀ ní 3,000 náírà. Ká sọ pé ó ń ná 500 náírà lé e lórí lọ́dọọdún. Ní ogún ọdún, owó ìtọ́jú ti di 10,000 náírà. Ká tún sọ pé ó san 7,000 fún àwọn tí yóò na ara ọkọ̀ náà tí yóò sì kùn ún kí ó tó lè tà á. Àpapọ̀ ohun tí ó ná jẹ́ 20,000 náírà. Bí ó bá tà á ní 30,000, ẹnu yóò máa yọ̀ pé ó fi 3,000 pa 30,000. Irọ́ ni. Èrè rẹ̀ jẹ́ 10,000 ní ogún ọdún, èyí tí í ṣe 500 náírà péré lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka wàhálà rẹ̀ mọ́ ọn, a kò sì tíì ka ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bèèrè ìgbà tí irin náà yóò kúrò níwájú ilé.

Lẹ́yìn èyí, owó náà fúnra rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà. Títí di ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba yí ètò owó ilẹ̀ òkèèrè padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ju náírà mẹ́ta lọ sí dọ́là kan, ní ọdún 1990 ó ti tó nǹkan bíi mẹ́jọ. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n rà ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan ní àtijọ́ ti di mílíọ̀nù lónìí, má yára pariwo. Gààrì pẹ̀lú ti gbówó lórí. Búrẹ́dì ti gbówó lórí. Ẹni tí ó ka iye náírà nìkan, tí kò bèèrè ohun tí náírà náà lè rà, òjìji ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ènìyàn.

Lọ́nà kẹta, ohun tí ó sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀wọ́n ni pé àwọn yòókù ti lọ. Bí gbogbo àwọn tí wọ́n ní Ìjàpá ní ọdún 1970 bá ti tọ́jú tiwọn, Ìjàpá ì bá kún gbogbo àdúgbò títí di òní, kò sì sí ìyàwó tí yóò fẹ́ háyà rẹ̀. Àáké tí mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú ilé mi wà lára ohun tí ó sọ èyí tí mo rí ní Èkó di ààyò. Gbogbo wa kò lè jẹ́ ẹni kan tí ó pa tirẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ní, "Ká ní gbogbo wa mọ̀ ni!" kò mọ̀ pé ká ní gbogbo wa mọ̀, kò sí èrè níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́nà kẹrin, èyí tí ó sì ká mi lára jù, owó tí a kò fi ra ọkọ̀ kò sọnù. Ó lọ ibi kan. Ẹni tí ń kábàámọ̀ a máa rántí ọkọ̀, a sì gbàgbé ibi tí owó lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tèmi di páànù lórí ilé ìyá mi. Abẹ́ páànù náà ni ó sùn fún ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó lò kẹ́yìn láyé, òjò kan kò sì jò lé e lórí mọ́. Ìyókù di owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi. Àwọn ọmọ tí ó ti gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ní yàrá ìgbẹ̀bí, ta ni yóò gbé wọn lọ sí ọjà gbàǹjo kí a lè mọ iye wọn? Bí mo bá ń kábàámọ̀ Ìjàpá nítorí owó, a jẹ́ pé mo ń sọ pé ó yẹ kí òjò pa ìyá mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé n kò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Bóyá ìwọ òǹkàwé mi yóò wá bi mí pé, "Ẹni tí òrùlé ìyá rẹ̀ kò jò ńkọ́? Ẹni tí owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà, tí ó sì jẹ́ pé ìlọ́ra ni kò jẹ́ kí ó rà á, ṣé òun pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kábàámọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní sá fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kábàámọ̀ díẹ̀. Ohun tí ọkàn ènìyàn fẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ tó, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, kò burú kí ó rà á. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tí ó ń kábàámọ̀. Ayọ̀ tí ì bá jẹ nínú ọkọ̀ náà ni ó pàdánù, kì í ṣe mílíọ̀nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ nítòótọ́ kì í sábà tà á, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ Èkó ti sọ fún mi. Owó tí a kò ní í tà á gbà kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di olówó.

Kí wá ni ohun tí ó tó kábàámọ̀? Wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn, ní Èkó. Wọ́n tọ́jú ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú kan síbẹ̀, tí ojú ihò ìbọn wà lára rẹ̀. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Bí a bá ka ọkọ̀ náà sí irin lásán, pàǹtí ni. Ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń tò lọ wò ó. Ìtàn náà ni iyì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ta ọkọ̀ yẹn fún àwọn oníirin àlòkù, gbogbo wa ni ìbá pàdánù, olówó àti tálákà.

Èyí ni ó jẹ́ kí n rí àbámọ̀ tèmi gan-an. Bàbá Tíṣà fi Ìjàpá rẹ̀ rin ìrìn-àjò púpọ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Wá lọ́jọ́ Sátidé kan, kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ." Èmi náà máa ń dáhùn pé, "Mo ń bọ̀, Bàbá." Ọdún 1993 ni ó kú. N kò lọ ní Sátidé kankan. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ̀ náà jọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ní ọ̀rẹ́ tí ó ń ya fọ́tò ní òpópónà wa. Ọkọ̀ náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni iye rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn sì wà fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ni n kò gbà, òun náà sì ni mo ń kábàámọ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń múra ìdánwò, tí o ṣì kéré, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Má ṣe máa wo gbogbo ohun tí ó ń gbó ní àyíká rẹ bí ẹni tí ń wá èyí tí yóò di owó lọ́la. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ra ohun tí agbára rẹ ká, tí o sì nílò. Bí ìpinnu rẹ bá tọ́ ní ọjọ́ tí o ṣe é, má jẹ́ kí ọjà ogún ọdún lẹ́yìn náà sọ ọ́ di ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí bàbá àgbà kan bá ń bẹ ní ilé yín tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, lọ bá a lónìí. Bèèrè ọdún tí ó rà á, iye tí ó rà á, ibi tí ó gbé e dé àti ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé nínú rẹ̀. Mú ìwé àti gègé dání, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún rẹ̀. Kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀, kò sì ní dógùn-ún láéláé.

Ní ìparí, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Èmi pàápàá ṣì máa ń dúró wò ó bí Ìjàpá bá ń kọjá. Ohun tí mo ń sọ ni pé omi tí ó dànù kò ṣeé kó, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé omi náà kò dànù, ọgbìn mìíràn ni a fi í rin. Bí a óò bá kábàámọ̀, ẹ jẹ́ kí a kábàámọ̀ ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa tí a kò ṣe. Ọkọ̀ tí a kò rà ti lọ. Àwọn tí wọ́n gùn ún, díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì ń dúró dè wá lọ́jọ́ Sátidé.